Ta Ló Ni The Doors? Ogún Jim Morrison àti Ẹjọ́ Àwọn Tó Kù Lẹ́yìn Rẹ̀

Lọ́dún 1968, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Buick ní Amẹ́ríkà ń wá orin tí wọn yóò fi polówó ọkọ̀ Opel wọn. Orin tí wọ́n mú ni “Light My Fire”, èyí tí ẹgbẹ́ The Doors fi gba ipò kìíní lóṣù keje ọdún tó ṣáájú, tó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Nǹkan bí 75,000 dọ́là ni wọ́n fẹ́ san. Mẹ́rin ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà, àmọ́ mẹ́ta péré ló wà nílé. Jim Morrison, akọrin wọn, wà ní Yúróòpù, wọn kò sì rí i bá sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù bá fọwọ́ sí i. Nígbà tí Morrison dé tó gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní bí ìpolówó yẹn bá fi jáde, òun yóò gbé òòlù ńlá, òun yóò sì fọ́ ọkọ̀ Buick kan túútúú lójú gbogbo ayé. Lójú tirẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ta òun.

Ìbínú ọjọ́ yẹn pẹ́ láyé ju ẹni tó bínú lọ. Morrison kú ní 1971, ọmọ ọdún 27 ni. Ní 2003, ọ̀rọ̀ Buick tún yọjú nínú ẹjọ́ kan ní Los Angeles, àwọn mẹ́ta tó kù láyé sì ti pín sí ọ̀nà méjì, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi láti ẹnu agbẹjọ́rò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kọjá ti The Doors nìkan. Bí olórin bá kú, tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ṣì wà láàyè, ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́? Ta ló lè tà á? Ta ni yóò sì máa sọ pé “rárá” nítorí òkú? Mo ti ka púpọ̀ nínú ìtàn irú ẹjọ́ báyìí, èrò tèmi sì ni pé ẹni tó mọ orin jù kọ́ ló máa ń borí, ẹni tó fẹ́ràn olóògbé jù náà kọ́. Ohun tí wọ́n bára wọn ṣàdéhùn nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹun pọ̀ ló máa ń pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ ná. Morrison àti Ray Manzarek ti jọ kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní Yunifásítì UCLA. Ní etíkun Venice, lágbègbè Los Angeles, ni wọ́n ti pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1965, tí wọ́n sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Manzarek ló ń tẹ dùùrù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì ń tẹ ìró béèsì lórí dùùrù kékeré kan lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní onígìtá béèsì lórí ìtàgé. Robby Krieger ń ta gìtá, John Densmore ń lu ìlù, ìlù tí èèyàn á gbọ́ tó máa mọ̀ pé orin jáàsì ni onílù yìí fi kọ́ṣẹ́. Inú ìwé Aldous Huxley ni wọ́n ti mú orúkọ wọn, Huxley náà sì mú un látọ̀dọ̀ akéwì William Blake. Ilé-iṣẹ́ Elektra gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní 1967.

Ohun tó mú wọn yàtọ̀ jù, lójú tèmi, kò sí nínú orin. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń pín owó. Gbogbo ohun tó bá wọlé, ọ̀nà mẹ́rin ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in sí, títí kan owó ẹni tó kọ orin, èyí tó sábà máa ń dá ẹgbẹ́ rú. Krieger ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú “Light My Fire”, síbẹ̀ orúkọ The Doors ni wọ́n kọ sí ara àwo. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ jùjú àti fújì ṣe ń rìn yóò mọ̀ pé èyí ṣàjèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá ló ni orúkọ, òun ló ni ẹ̀rọ àti ìlù, ohun tó bá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa gbà. Bí ọ̀gá bá kú, ẹgbẹ́ tú ká nìyẹn, àfi bí ọmọ rẹ̀ bá gbé e. The Doors kò ní ọ̀gá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Buick, wọ́n tún fi kún un pé wọn kò ní ṣe ohunkóhun pẹ̀lú orin tàbí orúkọ wọn láìjẹ́ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i. “Rárá” ẹnì kan ti tó láti dá gbogbo ọ̀rọ̀ dúró.

Kí a má sọ wọ́n di ẹni mímọ́ o. Morrison fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ̀ kúrò lórí ọgbọọgba yìí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo The Soft Parade ní 1969, Krieger kọ orin kan tó mẹ́nu ba ìbọn, Morrison kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ oníkálukú sí ohun tó kọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é lórí àwo yẹn nìyẹn. Ọgbọọgba wọn kì í ṣe òfin tó ti ọ̀run wá. Àdéhùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ni, tí wọ́n lè tẹ̀ bí wọ́n bá jọ gbà láti tẹ̀ ẹ́.

Bí Morrison ṣe kú, ayé ti sọ ọ́ sọ ọ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1969 ó mutí yó lórí ìtàgé ní Miami, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú èrò, pé ó sì sọ ìsọkúsọ. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1970, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, kó sì san ìtanràn 500 dọ́là. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì kú kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Oṣù kejìlá 2010 ni Florida tó dárí jì í. Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje 1971, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní Paris. Wọn kò la òkú náà láti wádìí ohun tó pa á; wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Père Lachaise.

Ibi tí ó yẹ ká dúró lé ni ogún rẹ̀. Ìwé ìhágún tí Morrison ṣe ní oṣù kejì 1969 kò gùn rárá. Ohun gbogbo di ti Pamela Courson, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Pamela kú ní oṣù kẹrin 1974. Ọmọ ọdún 27 ni òun náà, kò sì ṣe ìwé ìhágún kankan. Bí ìdá mẹ́rin The Doors ṣe fò láti ọwọ́ akọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn òbí Pamela nìyẹn, àwọn àgbàlagbà méjì ní California tí wọn kò kọ orin kan rí. Àwọn òbí Morrison kò gbà, wọ́n lọ sí kóòtù. Nígbẹ̀yìn, ìdílé méjèèjì gbà láti jọ pín in.

Ẹ sì wo ẹni tí bàbá Morrison jẹ́. Ọ̀gágun orí omi ni George Stephen Morrison. Òun ló ń darí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan ní Gulf of Tonkin ní 1964, níbi tí ogun Vietnam ti gbóná sí i. Ọmọ rẹ̀ ń kọrin tako ogun yẹn. Nígbà tí Elektra ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ ìtàn ara wọn sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn, Jim ní àwọn òbí òun ti kú. Irọ́ ni, wọ́n wà láàyè, wọ́n tilẹ̀ pẹ́ láyé jù ú lọ fíìfíì. Bàbá yìí kan náà ló fi àkọlé Gíríìkì sí ibojì ọmọ rẹ̀ ní Paris, àkọlé tó ń yìn ín pé ó rìn ní ìlànà ẹ̀mí ara rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Clara, pẹ̀lú àwọn òbí Pamela, ni yóò sì wá dúró ní kóòtù lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún láti gbèjà orúkọ ọmọ tó ti pè wọ́n ní òkú. Bí òǹkọ̀wé kan bá fi èyí sínú ìwé ìtàn àròsọ, a ó ní ó ti sọ ọ́ jù.

Àwọn mẹ́ta tó kù kò dá iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n gbé Other Voices jáde ní 1971 àti Full Circle ní 1972, Manzarek àti Krieger ló ń kọrin níbẹ̀, The Doors náà ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Àwo méjèèjì kò tà tó bí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì túká ní 1973. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, torí ó ṣe pàtàkì nínú ẹjọ́ tó ń bọ̀: ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹgbẹ́ tí kò ní Morrison jẹ́ orúkọ The Doors, Densmore sì wà nídìí ìlù.

Ní 1978, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún padà, wọ́n mú ewì tí Morrison kà sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ṣe orin sí i, wọ́n sì pè é ní An American Prayer. Paul Rothchild, tó ṣe àgbéjáde èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwo wọn, bu ẹnu àtẹ́ lù ú gan-an. Èmi náà kò mọ ohun tí Morrison ìbá sọ, ṣùgbọ́n ó hàn pé òkú kò lè sọ pé kí wọ́n fi orin yìí sílẹ̀, kí wọ́n lo tọ̀hún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Francis Ford Coppola lo “The End” ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Apocalypse Now. Ní 1980, Jerry Hopkins àti Danny Sugerman gbé ìwé ìtàn ayé Morrison jáde, ìwé náà sì tà rẹpẹtẹ. Àwọn ọmọdé tí wọn kò tíì bí nígbà tó wà lórí ìtàgé bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri. Oliver Stone ṣe fíìmù The Doors ní 1991, Val Kilmer ló ṣe Morrison. Inú Manzarek kò dùn sí i rárá, ó ní ọ̀mùtí nìkan ni wọ́n fi ọ̀rẹ́ òun hàn bí. Bí òkú ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá Morrison ṣeré fún ọdún mẹ́fà péré ti di ohun tí owó ń ti ara rẹ̀ jáde fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ.

Owó ló kọ́kọ́ fa ìjà, kì í ṣe ìtàgé. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Cadillac fẹ́ lo “Break On Through” fún ìpolówó, wọ́n sì gbé iye tó tó mílíọ̀nù 15 dọ́là sílẹ̀. Manzarek àti Krieger fẹ́ gbà. Densmore ní rárá. Cadillac bá gba orin Led Zeppelin dípò rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Densmore kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn The Nation ní 2002 láti ṣàlàyé ara rẹ̀: ó ní Morrison kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn kan wà tí wọ́n fi orin àwọn dágbére fún òkú wọn, tí wọ́n fi fẹ́ ìyàwó. Ó tún jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé òun ti gbà lẹ́ẹ̀kan kí ilé-iṣẹ́ táyà Pirelli lo “Riders on the Storm” nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé gbogbo ìpín tòun lòun fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Mo fẹ́ràn ìjẹ́wọ́ yẹn. Ó fi hàn pé èèyàn ni, pé ó ti tọ́ ọ wò, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ọdún yẹn náà ni Manzarek àti Krieger mú Ian Astbury, akọrin ẹgbẹ́ The Cult, wọ́n mú Stewart Copeland tó ń lu ìlù fún The Police, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ eré kiri lábẹ́ orúkọ The Doors of the 21st Century. Copeland kò pẹ́ níbẹ̀. Òun náà pe ẹjọ́ tirẹ̀. Densmore fẹ̀sùn kàn wọ́n pé orúkọ The Doors ni àwọn onípolówó ń kọ gàdàgbà, pé ìyókù rẹ̀ kéré débi pé èèyàn kò ní rí i, pé wọ́n sì ń fi àwòrán Morrison fa èrò. Ní oṣù kejì 2003, ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Àwọn òbí Morrison àti àwọn òbí Pamela dara pọ̀ mọ́ ọn.

Manzarek àti Krieger pe ẹjọ́ padà. Mílíọ̀nù 40 dọ́là ni wọ́n ní kí Densmore san, torí owó ìpolówó tó fi “rárá” rẹ̀ lé lọ. Ẹ rò ó wò: wọ́n fẹ́ kí kóòtù bu owó ìtanràn lé ẹni tó lo ẹ̀tọ́ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fún ara wọn. Nínú ìwé tí Densmore kọ lẹ́yìn náà, The Doors: Unhinged, tó jáde ní 2013, ó ròyìn pé agbẹjọ́rò òdìkejì gbìyànjú láti fi òun hàn bí ọ̀tá Amẹ́ríkà, bí ẹni pé kíkọ̀ láti bá Cadillac ta ọkọ̀ jẹ́ ọ̀tẹ̀ sí orílẹ̀-èdè. Ẹ rántí pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọlu New York nígbà náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba ayé èèyàn jẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ṣà láàárín ará ìlú.

Ní 2005, adájọ́ pàṣẹ pé Manzarek àti Krieger kò gbọ́dọ̀ lo orúkọ The Doors mọ́, tàbí orúkọ míì tó bá jọ ọ́, tàbí àmì ẹgbẹ́, tàbí àwòrán Morrison láti fi polówó eré wọn. Ó tún ní kí wọ́n dá èrè tí wọ́n jẹ lórí orúkọ náà padà sápò àjọni. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fara mọ́ ọn ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sì kọ̀ láti tún un gbọ́ lọ́dún kan náà. Àwọn méjèèjì yí orúkọ padà sí Riders on the Storm, lẹ́yìn náà wọ́n kàn ń jẹ́ Manzarek–Krieger. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ àwọn orin yẹn. Orúkọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìdájọ́ náà dára lójú mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìdí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Morrison ń sọ. Wọ́n ní The Doors kò lè wà láìsí Jim. Àwo 1971 àti ti 1972 ti fi hàn pé irọ́ ni. Ohun tó wà nígbà yẹn tí kò sí ní 2003 ni ìfọwọ́sí gbogbo àwọn tó ni ín. Bí Densmore bá gbà, tí àwọn ìdílé méjèèjì sì gbà, Astbury ìbá ti máa kọrin lábẹ́ orúkọ The Doors títí dòní, òfin kò sì ní rí nǹkan kan wí. Ìbéèrè tó wà níwájú adájọ́ kò ju pé: ṣé àwọn méjì lè lo ohun tó jẹ́ ti mẹ́rin?

Ti ìpolówó ni mo rí i pé ó nira, n kò sì fara mọ́ àwọn tó sọ Densmore di ajẹ́rìíkú. Nígbà tó bá sọ pé rárá sí mílíọ̀nù 15, owó tirẹ̀ nìkan kọ́ ló ń kọ̀. Ó ń kọ ti Manzarek, ó ń kọ ti Krieger, ó sì ń kọ ti àwọn àgbàlagbà mẹ́rin tó jogún Morrison. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Krieger. Òun ló kọ orin tí Buick fẹ́ lò ní 1968, òun ló fi ìfẹ́ inú rẹ̀ gbà kí owó orin náà di ti mẹ́rin, ó sì wá di pé onílù ni yóò máa sọ ohun tí wọ́n lè fi orin ṣe. Àmọ́ ẹ̀wẹ̀, Krieger jẹ nínú ọgbọọgba yẹn náà. Ó jẹ nínú “Break On Through” àti “The End”, tó jẹ́ pé iṣẹ́ Morrison ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èèyàn kò lè mú ìpín nínú àdéhùn, kó sì kọ ẹrù rẹ̀. Mo gbà pé Densmore jàre, ọkàn mi sì wà pẹ̀lú Krieger.

Kí a lè mọ ohun tí àdéhùn náà ṣe fún wọn, ẹ wo ẹni tí kò ní irú rẹ̀. Jimi Hendrix, onígìtá, kú ní London ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án 1970. Ọmọ ọdún 27 ni òun náà, kò sì ní ìwé ìhágún. Ìwé tó ń fọwọ́ sí ti ń dà á láàmú kó tó gbajúmọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1965, ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Ed Chalpin ti ilé-iṣẹ́ PPX fún ọdún mẹ́ta. Dọ́là kan ló gbà, pẹ̀lú ìlérí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí Chas Chandler gbé e lọ sí London ní 1966 tí ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, Chalpin mú ìwé náà jáde. Àwo Band of Gypsys ti 1970 ni wọ́n fi san gbèsè yẹn. Máníjà rẹ̀, Michael Jeffery, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lókè Nantes ní 1973. Ogún bọ́ sọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Al Hendrix, òṣìṣẹ́ tó ń tún ọgbà ṣe ní Seattle. Ó fa gbogbo rẹ̀ lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́, títí di 1993 tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀tọ́ orin ọmọ òun fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Ó pe ẹjọ́. Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Microsoft sílẹ̀, ló yá a lówó tó fi jà á. Ní 1995 wọ́n yanjú rẹ̀ níta kóòtù, ẹ̀tọ́ náà sì padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Al kú ní 2002. Ọmọbìnrin tó gbà tọ́, Janie, ló ń ṣe olórí ilé-iṣẹ́ ìdílé. Leon, àbúrò Jimi, kò rí ju àwo wúrà kan gbà nínú ìwé ìhágún. Ó lọ sí kóòtù ní Seattle, wọ́n sì dá a padà ní 2004. Noel Redding àti Mitch Mitchell ńkọ́, àwọn méjì tó ta béèsì àti tó lu ìlù nínú The Jimi Hendrix Experience? Láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n gba owó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé àwọn kò ní béèrè mọ́. Redding kú ní 2003, Mitchell ní 2008. Àwọn tó gba ẹ̀tọ́ wọn pe Sony lẹ́jọ́ ní London, ní oṣù kìíní 2024 adájọ́ kan níbẹ̀ sì ní ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí àwọn méjì yìí ṣe ní 1967 ni wọ́n ṣì ń ṣe ẹjọ́ lé lórí ní 2024, tí àwọn fúnra wọn sì ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ bu Densmore pé ó le koko jù, kó wo Mitchell, onílù bíi tirẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ Nirvana wà láàárín The Doors àti Hendrix. Kurt Cobain, akọrin wọn, kú ní oṣù kẹrin 1994. Ní 1997, ìyàwó rẹ̀ Courtney Love àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì, Dave Grohl àti Krist Novoselic, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti jọ máa bójú tó ohun ìní ẹgbẹ́. Ní 2001, Love lọ sí kóòtù láti tú u ká. Orin kan ṣoṣo tí ayé kò tíì gbọ́, “You Know You're Right”, ló di eegun tí gbogbo wọn ń fà. Wọ́n parí ìjà ní 2002, orin náà sì jáde. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Soundgarden jọ èyí. Lẹ́yìn tí Chris Cornell, akọrin wọn, kú ní Detroit ní 2017, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jà lórí orin méje tí kò tíì jáde. Nígbà tó di 2021, ìyàwó ní wọ́n fẹ́ ra ìpín ọkọ òun ní owó tí kò tó 300,000 dọ́là, nígbà tí òǹrajà mìíràn ti dárúkọ mílíọ̀nù 16 fún orin ẹgbẹ́ náà. Ní 2023 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀. Nínú méjèèjì, opó ni wọ́n sábà máa ń bú nínú ìròyìn. Ó ti sú mi. Opó tó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ kò burú ju onílù tó ń gbèjà àdéhùn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ìyàtọ̀ ni pé ọ̀kan mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ọ̀kan ń fojú inú wò ó.

Manzarek ní àrùn jẹjẹrẹ, ó sì kú ní Rosenheim, Jámánì, ní oṣù karùn-ún 2013. Densmore ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kó tó lọ. Ní oṣù kejì 2016, Densmore àti Krieger jọ gun ìtàgé ní Fonda Theatre ní Hollywood láti rántí rẹ̀, owó tó wọlé sì lọ sí ìgbógun ti jẹjẹrẹ. Àlàáfíà wá, ṣùgbọ́n ìpín kò yí padà.

Oṣù kìíní 2023 ló yí i padà. Krieger àti àwọn tó jogún Manzarek ta ẹ̀tọ́ wọn nínú The Doors fún ilé-iṣẹ́ Primary Wave: ẹ̀tọ́ orin, ẹ̀tọ́ àwo, ẹ̀tọ́ orúkọ, títí kan ti aṣọ àti ọjà tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Krieger sọ pé òun fẹ́ fi owó náà ṣe ìtọrẹ àánú. Primary Wave yìí kan náà ló ra ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀tọ́ orin tí Courtney Love jogún lọ́dọ̀ Cobain ní 2006, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti mú orin àtijọ́ kí wọ́n wá ibi tuntun tí yóò ti pa owó, ìpolówó sì wà nínú rẹ̀. N kò bú wọn fún èyí. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò pamọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n ń pè ní The Doors ti yàtọ̀. Nígbà tí Morrison fi òòlù halẹ̀ ní 1968, àwọn tó ń bá wí jẹ́ ọ̀rẹ́ tó lè tì í lójú, tí òun náà lè tì lójú. Densmore, tí wọ́n bí ní 1944, àti àwọn tó di ìpín Morrison mú kò tà. Ẹni tó jókòó sí ìdajì kejì tábìlì báyìí jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní òǹkówósílẹ̀ tó ń dúró de èrè.